Àpò Ìyìn Mẹ́rin

Ọ̀gá kan wà tó gbà pé bí òun kò bá ronú láàárọ̀, oòrùn kò ní mọ ọ̀nà tí yóò gbà yọ. Mo mọ ọ̀gá náà dáadáa. Kànrìnkàn kan náà la fi ń wẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì kan náà la fi ń fọ eyín, ìyàwó kan náà ló sì ń bá àwa méjèèjì wí. Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: èmi ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Ọ̀gá, torí bí mo bá ń sọ pé "èmi, èmi", ojú á máa tì mí, ìtàn á sì dúró lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá sì ń rò ó pé báwo ni mo ṣe mọ ohun tó ń lọ lẹ́yìn Ọ̀gá nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀, mo ti fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá fẹ̀yìn tì nìkan ló ń ráyè wo ẹ̀yìn ara rẹ̀.

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Ọ̀gá fi kọ kóòdù ní Iléeṣẹ́ Omi, nínú yàrá kan lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọgbà tí àwọn oníṣẹ́ páìpù ń gbé ọkọ̀ sí. Ìkànnì tí ará ìlú fi ń ròyìn páìpù tó bẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí páìpù bá bẹ́ níwájú ilé rẹ̀ á ṣí ìkànnì lórí fóònù, á kọ orúkọ òpópónà, á tẹ bọ́tìnì kan, àwọn oníṣẹ́ páìpù á sì gbéra. Ìkànnì náà ń ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Ní Iléeṣẹ́ Omi, bí nǹkan bá ti ń ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, wọ́n á fi ẹnì kan jọba lé e lórí. Wọ́n fi Ọ̀gá jẹ olórí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà, wọ́n sì fún un ní àga tó ń yí.

Ohun tí àga tó ń yí máa ń ṣe fún ọkàn ọmọ ènìyàn, n kò tíì rí ọ̀mọ̀wé tó kọ ìwé lé e. Lọ́jọ́ kìíní, Ọ̀gá yí i lẹ́ẹ̀kan, ó rí fèrèsé. Ó yí i lẹ́ẹ̀kejì, ó rí ògiri. Nígbà tó yí i lẹ́ẹ̀kẹta, ó rí i kedere pé ayé ló ń yí òun ká.

Láti ọjọ́ náà, kò kọ kóòdù mọ́. Ó ń ronú. Aago méje òwúrọ̀ gééré, lẹ́tà kan á jáde látọ̀dọ̀ rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà gbogbo òṣìṣẹ́, ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn ó lé méjìlá. Àkọlé rẹ̀ ni "Àròjinlẹ̀ Ọ̀gá". Kí ló wà nínú rẹ̀? Gbogbo ìkànnì tí kò wúlò lágbàáyé ni Ọ̀gá ti dé, ó sì mú ọgbọ́n bọ̀ láti ibẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí tó kọ́kọ́ kọ:

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi ọ̀wọ́n, lánàá ni mo ṣàbẹ̀wò sí ìkànnì kan tí ẹnì kan ti gbé kámẹ́rà kọjú sí wáyà iná, kí aráyé lè máa wo ohun tó bá bà lé e. Mo jókòó tì í fún wákàtí méjì. Mẹ́rin wá. Mẹ́ta lọ. Mo wo ẹyọ kan tó kù, òun náà wò mí. Ta ló wà lórí wáyà nínú àwa méjèèjì? Ẹ lọ rò ó."

Àwọn òṣìṣẹ́ kò lọ rò ó. Iṣẹ́ wà nílẹ̀. Ọ̀gá bá ṣòfin pé ẹni tí kò bá ṣí àròjinlẹ̀, kó sì fèsì sí i kí aago mẹ́sàn-án tó lù, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á ti ara rẹ̀ pa di ọjọ́ kejì.

Obìnrin kan wà ní ẹ̀ka náà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Jẹ́jẹ́. Òun ló pẹ́ jù nídìí kóòdù, ohùn rẹ̀ kò sì lè jí ọmọ tó ń sùn. Ní ọ̀sẹ̀ tí òfin náà jáde, ó kọ ètò kékeré kan, ìlà mọ́kànlá péré. Iṣẹ́ ètò náà ni kó máa ṣí lẹ́tà Ọ̀gá, kó mú ìyìn kan nínú ogójì ìyìn tó ti tò sílẹ̀, kó sì fi í ránṣẹ́ lórúkọ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà. Ó fún ẹni tó jókòó tì í. Onítọ̀hún fún ẹni tó jókòó ti òun náà. Kí oṣù tó parí, ó ti kárí ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá. Igbákejì Ọ̀gá ni ẹnì kejì tó gbà á. Ó tiẹ̀ bẹ Ìyá Jẹ́jẹ́ pé kó bá òun fi omijé sí tòun.

Bí aago méje bá ti kọjá ìṣẹ́jú kan, ìyìn á ti kún iwájú Ọ̀gá. Ohun tó rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa ń tètè jí. Ó ń tẹ gbogbo ìyìn náà sórí bébà, ó ń dì wọ́n sínú àpò. Nígbà tí ọ́fíìsì kò gbà á mọ́, ó kó àpò mẹ́rin lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀ tó ń ránṣọ, ó ní kó bá òun tọ́jú wọn fún àwọn ìran tó ń bọ̀.

"Ṣé wọ́n ń bọ̀ láìpẹ́?" ìyàwó béèrè. "Torí àwọn àpò yìí dí mi lọ́nà."

Nínú gbogbo ayé, ìyàwó yìí nìkan ni kò ka àròjinlẹ̀ rí. Nígbàkígbà tí Ọ̀gá bá fẹ́ kà á fún un, á ní abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu òun.

Ìpàdé ọjọ́ Ajé ni ẹ bá wá wò. Igbákejì á kọ́kọ́ dìde, á fọwọ́ lé àyà.

"Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ láàárọ̀ yìí, mi ò lè jẹun."

"Èwo nínú ẹ̀ ló mú ẹ jù?"

"Gbogbo ẹ̀ ni, sà. Téèyàn bá yọ ọ̀kan, á dà bí ẹni rí ọ̀kan fín."

Ọ̀gá á yí àga díẹ̀, á wo ògiri, kí wọ́n má baà rí bí inú rẹ̀ ṣe dùn tó. Irú ọjọ́ Ajé bẹ́ẹ̀ ló kéde ohun tó bà á jẹ́.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó ní, "kí ló dé tí ọgbọ́n fi ń dúró láàárín ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn bí omi inú garawa? Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ròyìn páìpù lórí ìkànnì wa á kọ́kọ́ ka àròjinlẹ̀ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, á dáhùn ìbéèrè kan lé e lórí. Tó bá gbà á, ilẹ̀kùn á ṣí. Tí kò bá gbà á, kó padà lọ ronú."

Ìyá Jẹ́jẹ́ na ọwọ́ sókè. "Ọ̀gá, ẹni tí omi ń ya wọ yàrá ẹ̀, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè ka àròjinlẹ̀?"

"Òun gan-an ló nílò ẹ̀ jù. Ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀."

"Omi ni ò jẹ́ kó balẹ̀, sà."

"Omi á lọ. Ọ̀rọ̀ á dúró."

Igbákejì kọ ìyẹn sílẹ̀.

"Ṣé àwọn tó ń pe fóònù ṣì lè máa pè?" Ìyá Jẹ́jẹ́ béèrè.

"A máa ti fóònù pa. Fóònù kì í jẹ́ kéèyàn ronú."

"Ta ló máa kọ kóòdù ilẹ̀kùn ọ̀hún?"

"Èmi fúnra mi."

"Ṣé kí n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde?"

"Ìyá Jẹ́jẹ́, gbogbo ìgbà tí mo fi ń kọ kóòdù, ṣé ẹ ò sí níbí ni?"

"Mo wà níbí, sà. Ìdí tí mo fi béèrè nìyẹn."

Ọ̀gá kọ ọ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó fi ìlà kan sí i pé bí ẹni tó wọlé bá jẹ́ Ọ̀gá, kí ilẹ̀kùn ṣí fún un láìbéèrè nǹkan kan, nítorí ta ni yóò fi ìdánwò lọ ẹni tó ni ọgbọ́n? Ó gbìyànjú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ó ṣí gbayawu. Ó ní ó ti dára.

Ṣáájú ìgbà yẹn, igba ènìyàn ló ń ròyìn páìpù lọ́sẹ̀ kan. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní ilẹ̀kùn tuntun, ẹni mẹ́ta péré ló ròyìn. Ọ̀sẹ̀ kejì, mẹ́ta. Lẹ́yìn oṣù méjì, mẹ́ta náà ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kàwé yìí lè máa fura. Ọ̀gá kò fura ní tirẹ̀. Ó jókòó, ó ronú, ó sì kọ̀wé sí Ìgbìmọ̀ tó ń darí Iléeṣẹ́ Omi: "Láti ìgbà tí ará ìlú ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú, páìpù kò bẹ́ mọ́."

Ìgbìmọ̀ kò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n ní Alága àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ láti wá fojú rí i. Bó bá sì jẹ́ òótọ́, lẹ́tà wà nínú báàgì rẹ̀ tí yóò fi Ọ̀gá jẹ olórí Iléeṣẹ́ Omi pátápátá.

Ìyàwó bá a rán kóòtù tuntun fún ọjọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yunifọ́ọ̀mù ọgọ́ta ló wà lọ́rùn rẹ̀ fún ilé-ìwé kan, tí wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un pé bí kò bá kó wọn dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, àwọn á gbé iṣẹ́ náà fún aránṣọ mìíràn títí láé. Ó fi téèpù wọn Ọ̀gá látòkè délẹ̀.

"Gbogbo ibi tó kù wà bó ṣe wà," ó ní. "Orí nìkan ló wú."

Ọjọ́bọ̀ dé. Alága Ìgbìmọ̀ jẹ́ obìnrin tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣe ọ̀gá ilé-ìwé rí, ìwò rẹ̀ sì lè mú kí àgbàlagbà yọ ọwọ́ lápò. Ó jókòó. Igbákejì jókòó sí ọ̀tún Ọ̀gá, ó da fóònù rẹ̀ dé sórí tábìlì, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Ìyá Jẹ́jẹ́ jókòó nídìí ògiri. Ọ̀gá dìde pẹ̀lú kóòtù rẹ̀, ó la ẹnu pé "Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí wáyà yẹn," fóònù rẹ̀ sì dún. Ìyàwó ni. Ọ̀gá rò ó pé Ọlọ́run ló rán ìpè náà. Ó tẹ ẹ́ kí gbogbo yàrá lè máa gbọ́.

"Bàbá wọn, páìpù iwájú ṣọ́ọ̀bù ti bẹ́. Omi ti dé ìdí maṣíìnì."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín sí Alága. "Ìyàwó mi, ṣé o ti dé orí ìkànnì?"

"Ìkànnì wo? Mo ní omi ti dé ìdí maṣíìnì."

"Torí irú ọjọ́ báyìí la ṣe ní in. Fara balẹ̀, ṣí i. Alága Ìgbìmọ̀ ń gbọ́ ẹ."

Ohùn ìyàwó yí padà. "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mà, yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé-ìwé ló wà níbí tí omi fẹ́ kàn, ọgọ́ta, ọ̀la ni mo fẹ́ kó wọn lọ."

"Mo gbọ́, ìyá," Alága ní. Ó wo Ọ̀gá.

Ìyàwó ṣí ìkànnì. Àròjinlẹ̀ ọjọ́ náà dá lórí ìkànnì kan tí èèyàn ti lè wo ọ̀dà tó ń gbẹ lára ògiri. Àwọn tó wà ní yàrá ń gbọ́ bó ṣe ń kà á láàárín ariwo omi, títí tó fi kan ìbéèrè: "Nígbà tí Ọ̀gá ń wo ọ̀dà, kí ló ń gbẹ ní tòótọ́?"

"Mo kọ ọ̀dà," ìyàwó ní. "Ó ní mi ò tíì ronú dé ìsàlẹ̀."

"Kì í ṣe ọ̀dà," Ọ̀gá ní, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí olùkọ́ tó fẹ́ràn ọmọ. "Ìwàǹwára ni. Kọ ìwàǹwára."

"Mo ti kọ ọ́. Ó tún ní mi ò tíì ronú dé ìsàlẹ̀, kí n padà lọ ronú. Bàbá wọn, ìsàlẹ̀ tí mo wà yìí, omi ló wà níbẹ̀."

Ọ̀gá yíjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ẹni tó ń kọ kóòdù lágbàáyé máa ń sọ kí ilé tó wó lé wọn lórí:

"Ó ń ṣiṣẹ́ níbi tèmi."

Alága fa fóònù tirẹ̀ yọ. Ó ka àròjinlẹ̀ tán, ó kọ ìwàǹwára gẹ́gẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ni ín. "Ó ní kí n padà lọ ronú," ó ní. "Ó tó ogójì ọdún tí wọ́n ti fún mi ní òdo gbẹ̀yìn."

Ọ̀gá tún kóòtù rẹ̀ ṣe. Ẹlòmíràn á ti bẹ̀bẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ti ń yìn pé ó ga, kì í tẹrí ba fún àtẹ́rígbà, àfi kó fi iwájú orí gbá a.

"Kò léwu, mà," ó ní. "Ọ̀ọ́dúnrún òṣìṣẹ́ ó lé méjìlá ló wà lẹ́yìn mi. Ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n fi ń jí. Ẹ máa wò wọ́n."

Ó kọ lẹ́tà sí gbogbo wọn lójú ẹsẹ̀, bó ṣe ń kọ àròjinlẹ̀: "Páìpù ti bẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi. Omi ń wọlé. Ẹ rán àwọn oníṣẹ́ páìpù lọ kíákíá." Kí ó tó gbé ọwọ́ kúrò, kọ̀ǹpútà ti ń dún tín-ín, tín-ín, tín-ín. Ọ̀gá fi ìgbéraga yí ojú kọ̀ǹpútà sí Alága, ó ní kó bá òun kà á sókè.

Alága wọ gíláàsì rẹ̀.

"'Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n nìyí, Ọ̀gá. Ó wọ̀ mí lára.'" Ó kọjá sí òmíràn. "'Bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ yìí gẹ́lẹ́ ló yẹ kí ayé rí.' 'Ẹ máa da irú ẹ̀ lù wá lójoojúmọ́.'" Ó tún èyí tó kàn wò. "Èyí wá látọ̀dọ̀ Igbákejì. 'Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Omijé bọ́ lójú mi.'"

Gbogbo ojú yí sí Igbákejì. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà lórí orúnkún. Fóònù rẹ̀ ṣì dojú dé sórí tábìlì. Ojú rẹ̀ gbẹ bí ìdí ìkòkò tó ti pẹ́ lórí iná.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ èyí?" Alága béèrè.

Igbákejì wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Ọkàn mi ló kọ ọ́, mà."

"Bàbá wọn," ohùn kan ní láti inú fóònù, "ṣé wọ́n ti ń bọ̀?"

Ọ̀gá wo àga rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún un ní àga, kò rí nǹkan kan rò.

Ìyá Jẹ́jẹ́ ló dìde nídìí ògiri. Ó rìn lọ sí fèrèsé, ó ṣí i. Ní ìsàlẹ̀, àwọn oníṣẹ́ páìpù nà gbalaja sábẹ́ ọkọ̀ wọn. Oṣù méjì ni iṣẹ́ kò ti dé ọwọ́ wọn. Ó bi fóònù pé òpópónà wo ni, ìyàwó sọ ọ́ fún un. Ìyá Jẹ́jẹ́ bá yọ orí sí ìta, ó sì fi ohùn kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó ní ké orúkọ òpópónà náà. Ọkọ̀ gbéra kó tó ti fèrèsé tán.

"Èwo wá ni ti ilẹ̀kùn yìí?" Alága béèrè.

"Ọ̀gá ń pààrọ̀ àròjinlẹ̀ àti ìbéèrè wọn lójoojúmọ́, mà. Wọn ò pààrọ̀ ìdáhùn. Ti ọjọ́ kìíní ilẹ̀kùn, ti àròjinlẹ̀ wáyà iná, ló ṣì wà níbẹ̀. Ẹ kọ ẹyẹ."

Alága wo ìbéèrè nípa ọ̀dà, ó kọ "ẹyẹ" sí i. Fóònù rẹ̀ dáhùn pé: "Ẹ kú ọgbọ́n. Ẹ máa wọlé."

"Ta wá ni àwọn mẹ́ta tó ń wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?"

Ìyá Jẹ́jẹ́ ṣí àkọsílẹ̀ fún un. Látòkè délẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Ìdánwò. Èmi Ọ̀gá ni."

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti ọ̀sẹ̀ kìíní, mà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo kọ ọ́ sí Ọ̀gá. Ó ní láti jẹ́ pé ó sọnù sáàárín ìyìn." Ó pa àkọsílẹ̀ dé. "Èmi náà ni mo sì kọ ìyìn ọ̀hún. Ẹ fi ìyẹn kún un."

Alága ti báàgì rẹ̀, lẹ́tà wà nínú rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní kí wọ́n ṣí fóònù Iléeṣẹ́ Omi padà lọ́jọ́ náà, kí Ìyá Jẹ́jẹ́ yọ ilẹ̀kùn kúrò, kó sì máa darí ẹ̀ka. Ó wá yíjú sí Ọ̀gá.

"Ẹ̀yin lẹ máa máa gbé fóònù. Téèyàn bá pè, ẹ bi í pé, 'Òpópónà wo?' Ẹ má fi nǹkan kan kún un."

Bí Ọ̀gá ṣe di èmi padà nìyẹn.

Ọdún méjì tó kù kí n fẹ̀yìn tì, ìyẹn ni mo ṣe, lórí àga onígi tí kì í yí. "Òpópónà wo?" Mo máa ń gbọ́ bí ọkàn ẹni tó pè ṣe ń balẹ̀. Mo ti kọ àròjinlẹ̀ ẹgbẹ̀rún kan, kò sí èyí tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́bọ̀ yẹn, mo sáré dé ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú kóòtù mi. Àwọn oníṣẹ́ páìpù ti ṣe é tán. Ìyàwó mi jókòó sórí tábìlì ìgéṣọ, ó ká ẹsẹ̀ sókè, ọgọ́ta yunifọ́ọ̀mù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbígbẹ. Mo bi í pé báwo ló ṣe rí i ṣe. Ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Àpò mẹ́rin ló tò síbẹ̀, wọ́n mu omi yó, wọ́n wú, kò sí àlàfo láàárín wọn.

"Ìgbà tí ìkànnì yín ní kí n padà lọ ronú ni mo ronú kàn wọ́n," ó ní. "Ìyìn yẹn dára. Omi ò kọjá lára ẹ̀."

Mi ò lè jáwọ́ pátápátá. Mo ṣì ń ṣí ìkànnì tí kò wúlò, mo ṣì ń kọ àròjinlẹ̀ ní aago méje, ṣùgbọ́n ẹnì kan péré ni mò ń fi í ránṣẹ́ sí báyìí. Láàárọ̀ yìí, mo kọ ọ́ nípa ìkànnì kan tí wọ́n ti ń to bọ́tìnì aṣọ tó já, torí mo rò pé iṣẹ́ ìyàwó mi ni, á fẹ́ràn rẹ̀. Mo fi í ránṣẹ́. Kí n tó mí, fóònù mi dún: "Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Omijé bọ́ lójú mi."

Mo gbójú sókè. Ìyàwó mi wà níwájú mi nídìí maṣíìnì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí aṣọ, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Fóònù rẹ̀ wà lórí pákó lẹ́yìn rẹ̀, níbi tó ti ń gba iná. Ìyá Jẹ́jẹ́ ti wá kí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì gba fóònù ìyàwó mi wò.

Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

"Ṣé ẹ rí èsì mi?"

"Mo rí i."

"Ṣé ó wọ̀ yín lára?"

"Ó wọ̀ mí lára gan-an ni."

Ó dá abẹ́rẹ́ padà sẹ́nu, ó sì fẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì.